Àrùn erìgì ti jẹ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: ṣé ó ṣì lè hù padà?

Ẹ̀rínlẹwà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 44 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí erìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ bí mo bá ń fọ eyín, mo kàn gbà pé búrọ́ọ̀ṣì mi ló le jù. Láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, eyín iwájú méjì nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àlàfo sì yọ láàárín wọn. Kò dùn mí rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ó ya X-ray, ó ní àrùn erìgì ti jẹ eegun tó di eyín mi mú, pé níbì kan ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì gbòǹgbò. Ó ń ka nọ́ńbà sí nọ́ọ̀sì létí: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, méje. Kò yé mi, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mi ò lè béèrè. Ó ní kí n padà wá kí wọ́n fọ abẹ́ erìgì fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tírú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé eegun yìí lè hù padà? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n yọ gbogbo èyí tó ń mì, kí n sinmi? Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní omi ìfọnu kan, ó ní ó ń mú eegun hù.

Olùfọyín
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìtọ́jú erìgì ni mo ń ṣe, ọdún kẹtàdínlógún mi lẹ́nu rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n ti orí nọ́ńbà tó dẹ́rù bà yín bẹ̀rẹ̀, torí ẹ máa nílò rẹ̀ títí lọ.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń wọn ẹnu, àmì mìlímítà wà lára rẹ̀. Wọ́n á rọra kì í bọ àárín eyín àti erìgì, ojú ibi mẹ́fà lára eyín kan ṣoṣo, wọ́n á wo bó ṣe wọlé tó. Bí erìgì bá le koko, kì í sábà ju 1 sí 3 lọ. Láti 4 lọ sókè, erìgì ti ń ṣí kúrò lára eyín nìyẹn, ó ti di àpò. Tó bá wá dé 6 tàbí 7, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ìsàlẹ̀ àpò náà, ẹ ò báà fi gbogbo òwúrọ̀ fọnu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò yẹn rèé. Ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́, kòkòrò àrùn ló kún inú rẹ̀. Bí a ò bá nù ún kúrò, láàárín ọjọ́ mélòó kan èròjà inú itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di líle bí òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè ká òkúta yìí kúrò, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun, nítorí náà kòkòrò míì á tún rí ibi dì mọ́. Ara á gbógun tì wọ́n: erìgì á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí débí yìí, ó ṣì ṣeé wò sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ogun náà bá pẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú eegun tó wà nítòsí, bí ìgbà tí onílé ń fa ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn kúrò níbi tí iná ti ń jó. Kì í ṣe pé kòkòrò ń gé eegun yín jẹ. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é, àpò náà ṣí lókè, ọyún kì í ráyè há síbẹ̀ kó fún un mọ́ra, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dunni títí eyín á fi máa mì.

Nítorí náà, ìtọ́jú gan-an ni pé kí ohun tó fa ogun kúrò níbẹ̀. Bó bá kúrò, eegun tó kù á dúró síbi tó wà, erìgì á sún mọ́ eyín padà, àpò á dín kù. Eegun tó ti lọ kì í sábà hù padà fúnra rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ìdajì eegun eyín rẹ̀ ti lọ tó ṣì ń fi eyín náà jẹun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé ogun ti dáwọ́ dúró.

Ní ti omi ìfọnu: kò sí èyí tó ń mú eegun hù. Kì í tilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àpò mìlímítà 6. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine wúlò fún ìgbà díẹ̀, bíi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá lò ó pẹ́, á mú kí àwọ̀ eyín dúdú, adùn oúnjẹ ò sì ní já gaara lẹ́nu yín mọ́.

Bàbá Adé
Ọmọ mi, má yọ nǹkan kan o. Ẹni ọdún 68 ni mí. Dókítà kan ti ní kí n yọ mẹ́fà nígbà kan rí. Mo lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíì, ìyẹn ní ká kọ́kọ́ fọ abẹ́ erìgì ná, ká wo bí yóò ṣe rí. Ọdún kọkànlá rèé, ọ̀kan péré ló ti lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí, kí ẹ̀rù má bàa bà ọ́. Wọ́n á fún ọ ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibẹ̀ kú. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi, wọ́n fi òsì sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ̀n rìrì tó ń tú omi, irin ọwọ́ sì wà tí wọ́n fi ń ha gbòǹgbò títí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Kò dùn mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú rí màbo díẹ̀: omi tútù ń ta mí léyín fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wíwú erìgì wá lọ, eyín mi gùn, àlàfo yọ. Mo rò pé wọ́n ti bà mí lẹ́nu jẹ́ ni. Àṣé àlàfo náà ti wà tẹ́lẹ̀, erìgì tó wú ló bò ó mọ́lẹ̀. Ká ti sọ fún mi ṣáájú ni, mi ò bá má sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò mi, ṣé o ti yẹ ṣúgà wò? Èmi, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mo ti mọ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fọ abẹ́ erìgì mi tinútinú, àpò kọ̀ kò dín kù, ọyún ṣì ń jáde. Dókítà eyín náà ló ní kí n lọ ṣe ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Tèmi jẹ́ 9.1. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bó bá ti dé 7 lọ sókè, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu tó ga jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì ti ń ṣiṣẹ́: ṣúgà tó pọ̀ ń dá kún àrùn erìgì, àrùn erìgì náà ń jẹ́ kí ṣúgà ṣòro í kápá. Nígbà tí mo rí ṣúgà mú wálẹ̀, tí wọ́n tún ẹnu mi fọ̀, ìgbà yẹn ni erìgì tó gbọ́.

Káyọ̀dé_T
Ẹ ò dá wà o. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2022 pé àwọn tí àrùn erìgì tó le ń bá fínra ju bílíọ̀nù kan lọ láyé. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé ẹ ń mu sìgá?

Ẹ̀rínlẹwà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ṣeun. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, Olùfọyín. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo lóye ohun tó wà lẹ́nu mi. Màmá, mo máa lọ yẹ ṣúgà wò lọ́sẹ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Káyọ̀dé. Mo ń mu tó mẹ́wàá lójúmọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún dókítà.

Olùfọyín
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ fún un. Kò sí ẹni tó máa bá yín jà. Nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ erìgì fẹnu kò lé lórí ní 2017, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, ẹni tó bá ń mu mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí àrùn náà lè tètè ràn lára wọn jù. Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nítorí náà erìgì kì í ṣẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ kó ṣẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ìkìlọ̀ tí ẹ̀ bá rí. Tẹ̀yin tilẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láìka sìgá sí, ẹ wá ro bí yóò ti pọ̀ tó lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi sìgá sílẹ̀, ẹ lè rí i pé erìgì á ṣẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jí padà.

Sùúrù
Èmi ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti mú eegun hù, eyín ẹ̀yìn kan lápá ọ̀tún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yẹn gangan.

Kì í ṣe gbogbo eegun tó lọ ni wọ́n lè gbìn padà. Dókítà mi ya àwòrán méjì sórí ìwé. Nínú èkíní, eegun ti lọ sílẹ̀ lọ́gbọọgba yí eyín ká, bí ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ lọ. Ó ní níbi tó bá rí báyìí, kò sí ohun tí èròjà tuntun á fara tì, kò ní dúró. Nínú èkejì, eegun ti dá kòtò tóóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, àmọ́ ògiri eegun ṣì dúró yí kòtò náà ká lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta. Irú kòtò yìí, bó bá jìn tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì há, ni wọ́n lè dí. Bí omi ni: ẹ dà á sínú ife, á dúró, ẹ dà á sórí tábìlì, á ṣàn lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà yín ni irú ọ̀nà tí eegun yín gbà lọ. Ẹni méjì lè pàdánù ìwọ̀n eegun kan náà, kí ọ̀kan rí tirẹ̀ dí, kí èkejì má rí i.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣí erìgì bí ẹní ká aṣọ fèrèsé, wọ́n fọ gbòǹgbò mọ́ lójú kòrókòró, wọ́n kó èròjà eegun sínú kòtò, wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, wọ́n sì rán an. Mo bi wọ́n pé kí ni awọ náà wà fún. Wọ́n ní erìgì máa ń yára hù ju eegun lọ, bí wọn ò bá dènà rẹ̀, òun ló máa kún kòtò kí eegun tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: níbo ni èròjà náà ti wá? Ó lè jẹ́ eegun ẹni fúnra ẹni tí wọ́n hó láti ibòmíì lẹ́nu, eegun èèyàn tó fi ara rẹ̀ tọrẹ kó tó kú, eegun màlúù tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tàbí àtọwọ́dá. Jẹ́ẹ̀lì kan tún wà tí wọ́n ń fi pa gbòǹgbò, inú eyín ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì hù jáde ni wọ́n ti ń yọ èròjà rẹ̀. Bí ẹ̀sìn yín bá kọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Mi ò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, àpò tó jẹ́ 8 ti di 4. Kòtò náà ò dí tán o, ó kàn dí ju ìdajì lọ, eyín náà sì dúró gbọn-ingbọn-in. Kí wọ́n tó gbà láti ṣe é, oṣù mẹ́rin gbáko ni dókítà fi ní kí n kọ́kọ́ parí ìfọ̀ abẹ́ erìgì, kí n sì fi hàn pé mo lè tọ́jú ẹnu mi. Inú bí mi nígbà náà. Mo ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dúnsìn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n kọ òògùn apakòkòrò méjì, amoxicillin àti metronidazole, fún mi níbì kan, wọn ò fọ nǹkan kan. Ó fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà. Ṣé kí n tún un lò?

Olùfọyín
Rárá o, Dúnsìn. Kòkòrò inú àpò kì í rìn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pawọ́ pọ̀ di ìpele kan tó nípọn tó sì ń yọ̀, òògùn kì í ráyè wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Irin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ ọ. Dókítà lè fi òògùn méjèèjì yẹn ti ìfọ̀ lẹ́yìn fún àwọn tí àrùn wọn le gan-an, pàápàá ọ̀dọ́. Òògùn nìkan, láìfọ nǹkan kan, àsìkò ló ń fi ṣòfò, eegun á sì máa lọ. Ẹni tó bá sì ń lo metronidazole, kó jìnnà sí ọtí títí òògùn á fi tán lára.

Àjọkẹ́
Mo fẹ́ sọ tèmi nítorí ìbéèrè "kí n kúkú yọ wọ́n" yẹn. Mo yọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ̀ mí ni, mo fẹ́ kó tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nítorí eyín ni eegun yẹn ṣe wà níbẹ̀. Bí eyín bá ti kúrò, eegun náà á máa dín kù. Ní ọdún kan àkọ́kọ́, fífẹ̀ rẹ̀ lè dín tó ìdajì, oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún mi bá mi mu rẹ́gí nígbà tí wọ́n ṣe é. Kò pé ọdún kan tó ti ń yọ̀ bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Mo wá lọ béèrè implant, ìyẹn eyín tí wọ́n ń de irin titanium rẹ̀ mọ́ inú eegun. Wọ́n ní eegun òkè ti tín-ín-rín jù, ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ ti sún mọ́ ọn jù, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ ihò náà sókè kí wọ́n kó eegun sí i. Àrùn kan náà tó jẹ eegun eyín lè jẹ eegun yí implant ká pẹ̀lú, ẹni tó sì ti ní àrùn erìgì rí ni ó tètè máa ń mú. Bí a bá gbà pé yíyọ eyín ló ń parí àrùn yìí, ẹ wo èmi.

Olùfọyín
Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Mo fẹ́ kí a ṣe déédéé sí i: àwọn eyín kan wà tó yẹ kó lọ. Eyín tó ń mì síwá-sẹ́yìn tó tún ń wọlé-jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí eegun kù sí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ nìkan, fífi í sílẹ̀ lè ba eegun eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìpinnu yìí kí wọ́n tó fọ abẹ́ erìgì kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Mo ti rí eyín tó ń mì lóṣù kìíní tó dúró lóṣù kẹta. Bí ó bá sì di dandan kí wọ́n yọ ọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kó èròjà eegun sínú ihò náà lọ́jọ́ kan náà, kí eegun ibẹ̀ má bàa dín kù púpọ̀.

Ìyá Ìbejì
Àti pé ẹni tó bá ń lo òògùn fún eegun tó ń gbó, bíi alendronate tàbí abẹ́rẹ́ denosumab, kó sọ fún dókítà eyín kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kọ̀ láti jinná. Òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà, ẹ sọ ọ́, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Bàbá Adé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì sọ ti ilé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré onírun tó ń wọ àárín eyín ló gbà mí. Ó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ìwọ̀n mẹ́ta ni mò ń lò lẹ́nu kan ṣoṣo, torí àlàfo iwájú àti tẹ̀yìn ò dọ́gba. Kó kún àlàfo náà dáadáa, kó má sì há. Òwú tí wọ́n ń fà sáàárín eyín ò tó fún irú ẹnu tiwa mọ́, torí ara gbòǹgbò kún fún kòtò wẹ́wẹ́ tí òwú ń fò kọjá. Alaalẹ́ ni, kí n tó sùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀jẹ̀ dà, ọjọ́ kẹwàá ó ti dá. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ tó jáwọ́, ibi tó yẹ kó tẹra mọ́ gan-an ló sá fún.

Ẹ̀rínlẹwà
Ẹ̀yin ará, mo ti dé padà. Ó ti pé oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣúgà mi dára, 5.4. Wọ́n fọ abẹ́ erìgì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún lẹ́yìn náà òsì. Mo jẹ́wọ́ sìgá fún dókítà, ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú ni, ó sì fún mi ní òògùn tó ń ranni lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí mo ti fi sìgá sílẹ̀. Erìgì mi ṣẹ̀jẹ̀ burúkú ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, ọpẹ́lọpẹ́ ohun tí Olùfọyín sọ, mi ò bá ti sáré padà sídìí sìgá.

Lánàá ni wọ́n tún un wọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo sì lóye gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ibi mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ 5 lọ sókè ti ku mẹ́fà. Èyí tó jẹ́ 6 ní iwájú ti di 4. Eyín méjì tó ń mì, wọ́n fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ wọn láti ẹ̀yìn, mo ti ń fi wọ́n gé nǹkan jẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gùn lóòótọ́ bí Bàbá Adé ṣe wí, àmọ́ mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, mi ò sunkún.

Ọ̀kan ló kù tí kò gbọ́: eyín ẹ̀yìn lápá òsì, 7 ni tẹ́lẹ̀, 6 ni báyìí, ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kí n lọ rí oníṣẹ́ abẹ erìgì.

Olùfọyín
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe sí ti ẹ̀yìn yẹn, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ kí wọ́n tó máa yẹ̀ yín wò. Kòkòrò máa ń padà sínú àpò láàárín ìwọ̀n àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé nọ́ńbà yẹn, ẹ máa gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà èyíkéyìí.

Ẹ̀rínlẹwà
Ó wà nínú báàgì mi báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa rí oníṣẹ́ abẹ náà. Mo ti kọ ìbéèrè mi sẹ́yìn ìwé náà, Sùúrù: ṣé kòtò ni, àbí ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ lọ? Ògiri mélòó ló kù? Níbo ni èròjà náà ti wá?